Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: káàdì baseball tí ọmọ mi rí yìí, ṣé ká tà á ni àbí ká tọ́jú rẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà nílé wa tó ti ń jẹ́ kí èmi àti ìyàwó mi pẹ́ sùn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tí wọ́n mọ ìdí rẹ̀ jù mí lọ.

Bowie ní Maryland là ń gbé. Ibẹ̀ ni pápá àwọn Baysox wà, ẹgbẹ́ Double-A (ìpele kejì sísàlẹ̀ líìgì ńlá) tí Baltimore Orioles fi ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn dàgbà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi dàgbà ní tèmi; ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 13, ló fà mí wọ baseball. Ní 2023 tí Jackson Holliday, ọ̀dọ́ Orioles, gba Bowie kọjá, tó fi ọdún kan ṣoṣo gun ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti Delmarva dé Aberdeen, ó dé Bowie, ó tún dé Norfolk, kò sí oúnjẹ alẹ́ tí a jẹ tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ yìí ti ń kó káàdì àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì dé líìgì ńlá jọ, pàápàá èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí.

Mo ra páálí káàdì Bowman kan, irú èyí tí àwòrán àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù máa ń wà lórí rẹ̀, fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ó tú u, a bá káàdì kan níbẹ̀ tí etí rẹ̀ ń dán bíi wúrà, wọ́n tẹ 17/50 sí i (ìkẹtàdínlógún nínú 50 tí wọ́n tẹ̀), ìbuwọ́lù búlúù wà lójú rẹ̀. Ọmọ Dominican Republic ni agbábọ́ọ̀lù náà, Double-A ló ń gbá báyìí, lílu bọ́ọ̀lù niṣẹ́ tirẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù káàdì kan ní òun máa san 600 dọ́là lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ní ká tà á, ká fi owó rẹ̀ sínú owó ẹ̀kọ́ ọmọ náà. Ọmọ ò bá wa jiyàn. Ó kàn mú káàdì náà, ó lọ fi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Èkejì dùn mí jù. Mo fẹ́ fún un ní nǹkan sí i, mo ra káàdì mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 180 dọ́là. Ẹni tó tà á ní ojú òun ni agbábọ́ọ̀lù náà ṣe fọwọ́ sí i. Nígbà tó dé, mo gbé e sábẹ́ iná. Ìlà rẹ̀ ń gbọ̀n, bíi ti ẹni tó ń wo ìwé ẹlòmíì kọ. Níbi tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, yíǹkì ti dúró síbẹ̀ di àmì roboto kan, ó tún dúró bẹ́ẹ̀ láàárín orúkọ. Ìwé ẹ̀rí tó bá a wá, ẹni tó tà á ló tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣé mo ti jìn sí kòtò ni?

Ẹ̀kẹta: a dúró létí ọgbà pápá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ gba ìbuwọ́lù mẹ́rin. Kí a tó délé, méjì ti bàjẹ́, ìka ló pa wọ́n. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ìbejì, Baltimore:
Ẹ pẹ̀lẹ́ bàbá wa. Mi ò mọ káàdì, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ. Èyí tó fi sábẹ́ ìrọ̀rí yẹn, ẹ má fi agbára gbà á. Ẹ bá a sọ ọ́ kó yé e.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún 11 ni mo ti ń rà tí mo sì ń tà nínú káàdì yìí. Ẹ kọ́kọ́ wo iwájú rẹ̀: ṣé wọ́n tẹ "1st" sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Bowman? Tó bá wà níbẹ̀, káàdì àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Bowman nìyẹn, òun sì ni gbogbo àwa tí à ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ń wá. Ẹ má ṣì í mú fún káàdì Rookie o. Àmì RC tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 2006, agbábọ́ọ̀lù tó bá dé líìgì ńlá ló ń ní in.

Ẹ wá yí i sẹ́yìn. Topps ló ni Bowman, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káàdì bẹ́ẹ̀ pé àwọn fọwọ́ sọ̀yà fún ìbuwọ́lù náà. Ìyẹn ló yà á sọ́tọ̀ pátápátá sí èyí tí ẹ gbà létí ọgbà. Ẹ tún dà á sápá kan lábẹ́ iná: ṣé orí káàdì gan-an ni yíǹkì wà, àbí orí ike pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn? Tí orí káàdì ló bá wà, ó níyì ju alẹ̀mọ́ lọ.

Ní ti àwọ̀, nínú káàdì Bowman Chrome tí wọ́n fọwọ́ sí (Chrome ni èyí tí ojú rẹ̀ ń dán), iye tí wọ́n ń tẹ̀ nìyí: wúrà jẹ́ 50, aláwọ̀ ọsàn jẹ́ 25, pupa jẹ́ 5, Superfractor sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Wúrà kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú kékeré wò.

Owó wá ńkọ́? Iye tí àwọn èèyàn ń bèèrè kọ́ ni ká wò. Ẹ lọ sórí eBay, ẹ yan ibi tí wọ́n ti ń fi àwọn tí wọ́n ti tà hàn, kí ẹ wá wúrà ọmọ yẹn gan-an láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Oníṣọ́ọ̀bù ò lè san iye ọjà pé, òun náà á jẹ èrè. Tó bá fún mi ní 70 nínú 100, mi ò ní bá a jà.

Àwa tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ ká tà: ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá pè é sí líìgì ńlá. Ariwo kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin náà rí ti Holliday yín. Oṣù kẹrin 2024 ló wọlé, gbogbo ayé ń lé káàdì rẹ̀. Nínú ìgbà 34 tó yẹ kó lu bọ́ọ̀lù dé bésì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣe é, wọ́n dá a padà sí Norfolk kí oṣù náà tó parí. Ó padà wá, ó ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ra káàdì rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn mọ bí ara ṣe ń ta èèyàn.

Bàbá Àgbà, Chicago:
Àbúrò mi ní Houston, o sọ̀rọ̀ bí ọlọ́jà, o ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní káàdì Mike Trout, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ Angels, ńkọ́? Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń yan ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ní 2009, ipò 25 ni Angels ti mú ọmọ yẹn. Superfractor rẹ̀ tó fọwọ́ sí, ẹnìkan rà á ní 400,000 dọ́là ní 2018, ó tà á ní mílíọ̀nù 3.9 ní 2020. Tí gbogbo èèyàn bá ń tà ní Double-A, ta ni ì bá jẹ irú oyin bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston:
Bàbá, ẹ̀yin ni mo gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Trout kan la rí. Ẹ rántí Brien Taylor, ajùbọ́ọ̀lù tí Yankees mú ní ipò kìíní ní 1991, tí wọ́n fún ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là àti díẹ̀ sí i. Ìjà kan ní ìparí 1993 ló ba èjìká rẹ̀ jẹ́, kò fẹsẹ̀ tẹ líìgì ńlá láéláé. Ẹ tún wo Stephen Strasburg, ajùbọ́ọ̀lù kan nítòsí ẹ̀gbọ́n wa yìí ní Washington. Ní 2010, Superfractor Bowman rẹ̀ tà ju 16,000 dọ́là lọ, ìbuwọ́lù ò sì sí lórí rẹ̀. Òun náà ṣe é o, òun ló ta gbogbo wọn yọ ní World Series 2019, àṣekágbá líìgì ńlá. Síbẹ̀ ara kò jẹ́ kó lè jù ú púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí èmi fi ń bẹ̀rù káàdì àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù, apá wọn ni ọjà wọn. Inú mi dùn pé ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mú yìí ń lù ú ni.

Bàbá Àgbà, Chicago:
Mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo káàdì kọ́ là ń rà nítorí à ń bọ̀ wá tà á. Demi Orimoloye, ẹ gbọ́ ọ rí? Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, Ottawa ní Kánádà ló dàgbà sí. Brewers mú un ní ìpele kẹrin ní 2015. Mo wakọ̀ láti Chicago lọ wò ó nígbà tó ń gbá fún Wisconsin Timber Rattlers nítòsí Appleton, mo sì ra káàdì rẹ̀. Ní 2018, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Curtis Granderson, agbábọ́ọ̀lù Blue Jays, ó sì kọjá sí Blue Jays. Kò dé líìgì ńlá. Lọ́dọ̀ ọlọ́jà, káàdì yẹn ò tó owó bọ́ọ̀sì. Inú férémù ló wà ní pálọ̀ mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń ka orúkọ náà sókè, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n pe àmì orí rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Durham:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Etí ọgbà pápá Durham Bulls ni èmi àti àwọn ọmọ mi máa ń wà ní gbogbo ìgbà ooru, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti yíǹkì.

Ẹ má mú bírò lọ, á fa ojú káàdì ya. Máàkà Sharpie búlúù ni kí ẹ mú. Káàdì Chrome ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, yíǹkì kì í fẹ́ dì mọ́ ọn. Nílé, kí ẹ tó lọ, ẹ fi pọ́dà ọmọdé díẹ̀díẹ̀ pa ibi tí ẹ fẹ́ kó kọ sí, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún kúrò pátá. Ẹ fi káàdì tí kò níye lórí dán an wò ná. Tó bá sì ṣeé ṣe, káàdì tí ojú rẹ̀ jẹ́ páálí lásán ni kí ẹ máa gbé lọ, irú àwọn tí ẹgbẹ́ máa ń tà ní ṣọ́ọ̀bù pápá. Yíǹkì máa ń mu wọ́n dáadáa.

Ohun tó ba ti yín jẹ́ ni pé ọmọ fi ìka dì í mú. Ẹ lẹ káàdì mọ́ páálí pẹlẹbẹ kan, kí agbábọ́ọ̀lù di páálí mú. Tó bá fọwọ́ sí i tán, ẹ má kì í bọ inú ọ̀rá lójú ẹsẹ̀. Kí ọmọ dì í mú pẹrẹsẹ bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀, kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nílé, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ná, lẹ́yìn náà ike líle. Kó má sí níbi tí oòrùn ti ń wọlé, oòrùn máa ń jẹ búlúù yẹn tán.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ bèèrè, kó pe orúkọ ẹni náà, kó gbé káàdì kan tàbí méjì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ oníṣòwò tó gbé fáìlì ńlá dání, wọ́n á kọjá lára rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ déètì rẹ̀ pamọ́.

Bàbá Ayọ̀, Dallas:
Ní ti 180 dọ́là yẹn: ìlà tó ń gbọ̀n àti yíǹkì tó dúró láàárín orúkọ, àmì ẹni tó ń da ọwọ́ ẹlòmíì kọ ni. Ẹni tó ni orúkọ máa ń sáré kọ ọ́, ìlà á máa fò. Ẹ wá àwòrán káàdì rẹ̀ tí Topps fọwọ́ sọ̀yà fún, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo bó ṣe ń parí lẹ́tà tó kẹ́yìn.

Ìwé ẹ̀rí tí olùtajà tẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí FBI ń tú àṣírí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìbuwọ́lù ní Gúúsù California, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Operation Bullpen, ìwé ẹ̀rí ń bá ayédèrú rìn ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìbuwọ́lù wò tí ọjà gbà gbọ́ lónìí ni PSA, JSA àti Beckett. Ṣùgbọ́n ẹ má fi káàdì dọ́là mẹ́wàá ránṣẹ́ sí wọn o, owó àyẹ̀wò á ju owó káàdì lọ. Ẹ kọ̀wé sí ibi tí ẹ ti rà á lónìí, ẹ fi àwòrán sí i, ẹ ní kí wọ́n dá owó padà. Bí ẹ bá fi káàdì báǹkì san án, ẹ pe báǹkì. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á ní gbèdéke.

Ọmọ Ẹ̀kìtì, London:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Àwa tí a ò sí nítòsí pápá, ṣé a lè fi káàdì ránṣẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Durham:
Ó ṣeé ṣe, àbúrò. Fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì pápá ẹgbẹ́ náà ní orúkọ agbábọ́ọ̀lù, kọ lẹ́tà kúkúrú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ, kí o sì fi àpòòwé tí o ti kọ àdírẹ́sì rẹ sí sínú rẹ̀. Sítáǹbù Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ wà lórí èyí tó máa padà wá o, ti London ò lè gbé e kúrò níbí. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ó sì lè má padà mọ́. Má fi èyí tí o ò lè pàdánù ránṣẹ́.

Ẹni tó béèrè, Bowie:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

"1st" wà lójú káàdì wúrà náà, orí káàdì gan-an ni yíǹkì sì wà. Èmi àti ọmọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a rí wúrà mẹ́ta tí wọ́n ti tà: 790, 850, 910. Mo ka ìtàn Brien Taylor fún un, mo sì ka ti Trout. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Dádì, tí wọ́n bá pè é sí líìgì ńlá, ká tà á lọ́sẹ̀ yẹn. Kí mọ́mì mú ìlàjì fún ẹ̀kọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n máa mú un dání títí dìgbà yẹn." Ìyàwó mi gbà. Káàdì ti kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti wà nínú ike.

Wọ́n dá 180 dọ́là padà lánàá. Mo gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí Bàbá Ayọ̀ ṣe wí, lẹ́tà tó kẹ́yìn ò jọra rárá.

Àǹtí wa ní Durham, ẹgbẹ́ Altoona ń bọ̀ wá bá Baysox gbá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé ọjọ́ Àìkú. Ẹyọ ọjọ́ kan ni mo lè gbà níbi iṣẹ́. Èwo ni kí n mú?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Durham:
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n. Èrò kì í pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ tètè dé kí wọ́n tó ṣí géètì, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ tí àwọn àlejò ń jókòó sí, ibi tí ọgbà ti sún mọ́ koríko jù. Máàkà méjì ni kí ẹ mú dání, ọ̀kan máa ń gbẹ.