Ìmọ̀ràn: kí ni kí n fi tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà àti sóyà kí n tó gbìn ín?

Àgbẹ̀ Tuntun, Ìsẹ́yìn: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oko. Ẹ̀wà tí mo gbìn lóṣù kẹjọ èṣí, ìdajì rẹ̀ ni kò yọ. Nígbà tí mo tú ilẹ̀ wò, òmíràn ti rà, èèrà ti jẹ òmíràn. Mo fẹ́ fi sóyà kún un lọ́dún yìí. Àwọn kan ní kí n lo eérú àti dóńgóyárò, àwọn kan ní oògùn lẹ́búlẹ́bú. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́wà: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Eérú àti dóńgóyárò, fún ìpamọ́ ni. Òróró ẹ̀pà ni èmi fi ń ra tèmi lára, ṣíbí kékeré kan sí kìlò kan, ẹyin tí kòkòrò bá yé sí i kì í sábà pa. Òróró dóńgóyárò náà dára, àmọ́ bó bá pọ̀ jù, irúgbìn kì í tètè hù. Hóró tí kòkòrò ti lu ihò sí, ṣà á kúrò: oúnjẹ tí ọmọ irúgbìn ì bá jẹ ni kòkòrò ti jẹ yẹn.

Olóko Ṣakí: Bó bá jẹ́ pé rírà àti èèrà ni, oògùn lẹ́búlẹ́bú ni kí ẹ lò. Apron Star ni mò ń lò, ó ń pa àrùn, ó ń pa kòkòrò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ da irúgbìn sínú ike, ẹ bu oògùn sí i níwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, irúgbìn tó bá ṣẹ́kù, ẹ má sè é, ẹ má tà á, ẹ má dà á fún adìyẹ. Mo bá ìyá kan níbi tó ti ń fi omi ṣan án kó lè sè é. Àyà mi já! Omi kì í ṣan oògùn náà kúrò.

Sóyà Lọ́lá: Ti sóyà tún yàtọ̀. Bakitéríà tó ń gbé inú kókó ara gbòǹgbò ló ń bá a fa naitrójìn, tó jẹ́ oúnjẹ fún un, látinú afẹ́fẹ́. Ẹ̀wà sábà máa ń rí tirẹ̀ nínú ilẹ̀ wa, àmọ́ níbi tí wọn ò bá ti gbin sóyà rí, tirẹ̀ lè má pọ̀ tó. Ohun tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, ṣe NoduMax fún nìyẹn: bakitéríà sóyà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi omi ṣúgà díẹ̀ rin irúgbìn, ẹ po NoduMax mọ́ ọn lábẹ́ ibòji, ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an, torí oòrùn ń pa bakitéríà náà. Oògùn àrùn náà lè pa á, pàápàá èyí tó ní bàbà nínú. Bí ẹ bá máa lo méjèèjì, kí oògùn ṣáájú, kó gbẹ, kí bakitéríà kẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ rọra hú ẹyọ kan, ẹ fi èékánná bẹ́ kókó rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá funfun, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìyá Ẹlẹ́wà: Kó o tó náwó sí oògùn, di hóró mẹ́wàá sínú aṣọ tútù ná, kó o wò ó bóyá yóò hù. Má rẹ ẹ́ sómi mọ́jú o, yóò là.

Àgbẹ̀ Tuntun, Ìsẹ́yìn: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ó pé ọjọ́ márùn-ún lónìí tí mo ti dì í. Mẹ́rin péré ló hù. Irúgbìn tí mo fi pamọ́ láti èṣí nìyẹn, mi ò ní gbìn ín mọ́. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí ojúlówó rà nítòsí ibí?