Ìfúnpá eku: apá ni àbí ipá?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá ní ká máa pe ohun tí wọ́n ń wọ̀n lára eku nílé ìwádìí oògùn ọkàn, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ògiri iṣan (blood pressure), ní "ìfúnpá ìrù". Wọ́n ní ipá ló wà nídìí -pá, kì í ṣe apá. Ẹ jọ̀wọ́ sà, n ò gbà.

Apá, ipá, ohùn kan náà ni. Tí a bá ti pa fáwẹ̀lì iwájú jẹ, etí ò lè yà wọ́n mọ́. Ìyẹn lẹ rí gùn lé. Ṣùgbọ́n kí dókítà kankan tó gbé rọ́bà afẹ́fẹ́ dé ni àwọn bàbá wa ti ń de ìfúnpá. Ìgbàdí fún ìdí, ìfúnpá fún apá. Ta ló ń de oògùn mọ́ ipá?

Ẹ wá wo eku yìí. Wọ́n á tì í sínú ike tóóró tí kò ti lè yí padà, ìrù á yọ sẹ́yìn. Wọ́n á mú un móoru kí iṣan ìrù lè là. Bí ìrù bá tutù, ẹ̀rọ ò ní gbúròó ẹ̀jẹ̀ rárá. Wọ́n á ki ìrù bọ òrùka rọ́bà, wọ́n á fẹ́ ẹ títí ìlù ẹ̀jẹ̀ á fi dákẹ́, wọ́n á wá máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìlù bá ti padà dún ni iye tòkè. Òrùka tó bá tín-ín-rín jù á purọ́ sókè, èyí tó fẹ̀ jù á purọ́ sísàlẹ̀. Eku tí ike náà ò bá sì tíì mọ́ lára, ẹ̀rù rẹ̀ lẹ ń wọ̀n, kì í ṣe oògùn. Níbo ni apá wà níbẹ̀? Ìfúnrù lẹ ò bá sọ.

Àwọn mìíràn ń ki túbù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan ọrùn eku tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ oorun, omi iyọ̀ àti heparin nínú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Bí afẹ́fẹ́ bíńtín bá kù níbẹ̀, iye tòkè á wálẹ̀, tìsàlẹ̀ á gòkè. Kí ni wọ́n fún níbẹ̀? Ipá ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè é. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ni: irú èyí tí kẹ́míkà L-NAME ń dá sílẹ̀ lára eku, mílígíráàmù 40 fún kílò kan lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 4, nítorí pé kì í jẹ́ kí iṣan rí nitric oxide tó ń là á. Ẹ má fi àìsàn pe òṣùwọ̀n.

Goldblatt, olùwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru, nìkan ni mo yọ̀ǹda "fún" fún: lọ́dún 1934 ó fi ìdè fàdákà fún iṣan kíndìnrín ajá pọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ru. Òun náà, iṣan ló fún.

Ẹni tó kọ "eku àwòkọ́ṣe" fún eku tí wọ́n fi ń wádìí àìsàn ènìyàn ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ kọ́ lára eku? Eku aṣojú ni.

ÈSÌ:

Ẹ̀gbọ́n, ìgbàdí yẹn mú mi. Ṣùgbọ́n ipá kọ́ ni òṣùwọ̀n mmHg (mílímítà mẹ́kúrì) ń wọ̀n. Ipá tí a pín ká fífẹ̀ ojú ibi tó ń tẹ̀ ni, ìtẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Àti "aṣojú": ẹni tí a yàn ni aṣojú. Eku SHR tí àwọn olùwádìí Okamoto àti Aoki sìn jáde ní Kyoto, ní Japan, lọ́dún 1963, kò mu oògùn kankan, ìran rẹ̀ ló ti jogún ẹ̀jẹ̀ ríru. Aṣojú nìyẹn, àbí àrólé?