Ẹ̀yin tó ti bá àwọn aràrá inú ìtàn gbé, ẹ wá sọ ìrírí yín

Apàlọ́ Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹbí. Ọ̀rọ̀ àwọn aràrá ni mo gbé wá, àwọn tó ń gbé abẹ́ òkè nínú eré àti ìtàn, tí irùngbọ̀n wọn kan àyà, tí iṣẹ́ irin sì mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí oníkálukú sọ ibi tó ti pàdé wọn àti ohun tó rí. Èmi ni n óò kọ́kọ́ sọ.

Èmi ni mo máa ń darí eré nígbà tí èmi àti àwọn àbúrò mi bá jókòó yí tábìlì ká nílé, tí olúkúlùkù á di ẹnì kan nínú ìtàn, tí a ó sì ju dáìsì láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Dungeons & Dragons la fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1974 tí eré náà ti jáde ni aràrá ti wà nínú rẹ̀, àmọ́ nígbà yẹn, jagunjagun nìkan ni wọ́n gbà kó jẹ́. Lójú tèmi, àbùkù ibẹ̀ ò tíì tán. Ẹni tó bá mú aràrá títí dòní, àáké ló máa gbé, ọtí ló máa béèrè, á sì máa fa ojú ro. Àwọn àbúrò mi kì í fẹ́ mú un. Wọ́n ní kò sí ìtàn kankan lára rẹ̀.

Ẹrẹ̀dò Sùngbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ló yí i padà. Ẹni tó bá ti sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà yẹn rí mọ ohun tí mò ń wí. Ewéko tútù kéékèèké bo ògiri lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀ pupa ń yọjú lábẹ́ wọn, gbòǹgbò igi ń já bọ̀ látòkè. Ibì kan wà tí ìsàlẹ̀ sí òkè rẹ̀ tó mítà 20, gbogbo gígùn rẹ̀ sì tó kìlómítà 160. Àbúrò mi obìnrin fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó gbẹ́ ẹ?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ bá àwọn aràrá mi. Abẹ́ òkè kò sí oòrùn, kò sí oko. Kí ni wọ́n ń jẹ? Bó ṣe di pé wọ́n bá àwọn ará òkè mulẹ̀ nìyẹn: ọkọ́ àti àdá á gòkè lọ, gaàrí àti ewùrà á sọ̀kalẹ̀ wá. Níbi tí pàṣípààrọ̀ bá ti wà, gbèsè á wà, akọ̀wé gbèsè náà á sì wà. Ìbínú wọn wá nídìí báyìí, torí ọdún tí ará òkè bá kọ̀ tí kò san, ọmọ wọn ni ebi ń pa. Nínú eré yẹn, aràrá lè lo 350 ọdún láyé, nítorí náà ẹni tí bàbá bàbá rẹ jẹ lówó ṣì wà, ó ṣì mọ ojú bàbá bàbá rẹ. Àbúrò mi tó ní kò sí ìtàn lára aràrá ni akọ̀wé gbèsè wọn báyìí. Ó ra ìwé kan fún un, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Ìpẹru:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, ìdí ẹwìrì ni mo dàgbà sí. Ọwọ́ ọ̀tún á lọ sílẹ̀, tòsì á gòkè, kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró, torí bí atẹ́gùn bá já, irin tó ti pọ́n á dúdú padà. Bàbá mi kì í pariwo. Wọ́n á kàn fi ọmọ owú kan irin lásán lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ̀ pé kí n yára. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀; àmọ́ ẹni tó ń fẹ́ná sí irin náà, wọn kì í dárúkọ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìtàn Brokkr àti Sindri fi mú mi, ìtàn àtijọ́ àwọn ará Iceland. Aràrá ni wọ́n, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Sindri ń ṣiṣẹ́ irin, Brokkr wà nídìí ẹwìrì. Loki, ẹlẹ́tàn inú àwọn òrìṣà wọn, ti fi orí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ní dára tó, ló bá di eṣinṣin. Ó jẹ Brokkr lọ́wọ́, Brokkr ò dáwọ́ dúró. Ó jẹ ẹ́ lọ́rùn, kò dáwọ́ dúró. Ìgbà tó jẹ ẹ́ ní ìpéǹpéjú tí ẹ̀jẹ̀ dí i lójú ló gbé ọwọ́ kan lé e dànù, fírí báyìí, ó tó. Òòlù tí wọ́n ń rọ lọ́wọ́ jáde pẹ̀lú èèkù kúkúrú. Òun ni Mjölnir, òòlù Thor, ẹni tó ni àrá lọ́dọ̀ wọn.

Mo mọ ohun tó ń ṣe Brokkr lápá nígbà yẹn. Nínú ìlú aràrá tèmi, kò sẹ́ni tó ń di ọ̀gá láìjókòó sídìí ẹwìrì. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di awuyewuye, irin ni wọ́n á fẹnu kàn láti búra, bí àwọn ẹlẹ́sìn Ògún ṣe ń ṣe ní kóòtù wa.

Ará Ìṣarà:

Ìrírí tèmi kò gùn. Egbére ni ìyá àgbà mi fi ń dẹ́rù bà wá, ẹni kúkúrú tó gbé ẹní kékeré kan dání, tó ń sunkún nínú igbó, tó jẹ́ pé ẹni bá gba ẹní yẹn á di olówó. Mo gbọ́ ẹkún kan rí lọ́nà oko, ilẹ̀ ti ṣú, mi ò dúró wò ó. Ohun tó jọ mí lójú nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé egbére dá wà ni. Kò ní ìlú, kò lẹ́gbẹ́, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bóyá ohun tó ń pa á lẹ́kún nìyẹn.

Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀yin bọ̀dá mi, obìnrin aràrá dà? Ọba ń bẹ nínú ìtàn wọn, alágbẹ̀dẹ ń bẹ, kò sí ìyá ẹnikẹ́ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin ni aràrá tí èmi ń ṣe nínú eré, olórí régbérégbé rẹ̀ ni, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ojúgbà. Ẹ ṣáà mọ Ojúde Ọba wa, ọjọ́ kẹta Iléyá, bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọ aṣọ kan náà lọ kí Awùjalẹ̀. Àwọn aràrá tèmi tí wọ́n jọ bí sígbà kan náà, apá kan nínú ihò òkè ni wọ́n máa gbẹ́ pọ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ sára ògiri rẹ̀, àti ti ẹni tó kú kí iṣẹ́ tó parí. Obìnrin wọn ní irùngbọ̀n. Kòlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń dì í, òrùka idẹ ló máa ń wà ní ìdí rẹ̀, àwọ̀ okùn tí wọ́n fi so ó ló ń sọ ẹgbẹ́ tí onítọ̀hún wà. Ó wù mí débi pé mo ti yàwòrán rẹ̀ sára aṣọ.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́:

Mo ń gbádùn ọ̀rọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí. Ẹni kúkúrú ni àbúrò ìyá mi. Àwọn àgbà wa ní ẹni òrìṣà ni wọ́n, Ọbàtálá ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá inú ìtàn lẹ̀ ń sọ. Tíṣà ni àbúrò ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má fi orúkọ inú eré pe èèyàn ní títì.

Ará Òkè-Ẹ̀rí:

Ẹ ṣeun, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Idẹ tí aláṣọ wa dárúkọ ló mú mi sọ̀rọ̀. Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ọ́ ní nǹkan bí 1505 sí 1508 pé Ìjẹ̀bú jẹ́ ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 ni wọ́n fi ń ra ẹrú kan. Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn, mi ò lè rí gbọ̀ngàn aràrá tó kún fún wúrà nínú ìtàn kí n má béèrè ẹni tó sanwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í béèrè. Nínú ìlú aràrá tí mò ń kọ, àwọn ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n fi idẹ rà ní àdúgbò tiwọn lábẹ́ òkè. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú, pé àwọn fẹ́ ìjókòó níbẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ò tíì dá wọn lóhùn.