Ṣé eruku ló pín gálásì (agbo ìràwọ̀ ńlá) yìí, àbí méjì ni lóòótọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Láti Kábà níbí ni mo ti ń wo gálásì eléruku kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn ju bílíọ̀nù 10 ọdún lọ. Nínú àwòrán James Webb, awò ìwòràwọ̀ tó wà ní òfuurufú, ní ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ máíkírọ́ọ̀nù 1.5, ó jọ méjì, ìlà dúdú kan wà láàárín. Ní máíkírọ́ọ̀nù 4.4, àwo pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni, bí òkè ẹ̀yìn ilé wa nígbà tí ọyẹ́ bá ká. Mo ti mú kí àwòrán méjèèjì ṣe bàìbàì dọ́gba, mo fi ọ̀kan pín èkejì. Ìlà yẹn ló pupa jù, bí eruku ṣe máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn gálásì tó ń kọlu ara wọn náà ń kó eruku sáàárín. Mi ò ní àkọsílẹ̀ bí gáàsì rẹ̀ ṣe ń yí. Kí ni mo lè wọ̀n nínú àwòrán nìkan tí màá fi mọ̀ bóyá àwo kan ni tàbí méjì tó ń dà pọ̀?