Jíjìn kọ́ ni òkèèrè: èsì sí «iṣẹ́ jíjìn-lákọ̀ọ́kọ́»

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Mo ti ní n kò ní dá sí i, àmọ́ ìgbà kẹta rèé tí Ẹ̀gbọ́n wa kọ «iṣẹ́ jíjìn-lákọ̀ọ́kọ́» sílẹ̀ pé òun ni Yorùbá remote-first, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó gbé gbogbo ètò rẹ̀ ka orí pé òṣìṣẹ́ ń ti òkèèrè ṣiṣẹ́. Ẹnu sì ń yún mi.

Kí ló jìn? Kànga ló ń jìn. Kòtò ló ń jìn. Olójú jíjìn, òkèèrè ló ti ń mẹ́kún sun: ojú onítọ̀hún kò sí lókèèrè, agbárí ló wọ̀ lọ. Òwe yẹn fi jíjìn sí apá kan, ó fi òkèèrè sí ìkejì, kò dà wọ́n pọ̀. Ẹ óò ní «ọ̀nà jíjìn» ńkọ́? Ọ̀nà ló gbé e ró níbẹ̀. Mo mọ̀ pé a ń sọ pé «ibẹ̀ jìn». Ibi ló jìn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ «iṣẹ́ jíjìn» á rò pé agbẹ́kànga lẹ ń wá.

«Lákọ̀ọ́kọ́» tilẹ̀ tún burú jù. Ta ló wá ṣe ìkejì? Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo wà, ọ̀rọ̀ ipò kọ́ rárá. Bí àwa mẹ́jọ bá fẹ́ ṣèpàdé, tí méje wà nínú yàrá kan náà, kálukú á lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ẹnì kẹjọ má bàa di àlejò. Ohun tí a fẹnu sọ tí a kò kọ sílẹ̀, a kò tíì pinnu rẹ̀, torí ẹlòmíràn ń sùn lọ́wọ́ nígbà tí a sọ ọ́. GitLab, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwia tí kò ní ọ́fíìsì kankan, kó ìwé ìlànà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tolówó tòtòṣì lè kà á. Ìpìlẹ̀ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó kàn gbà kí èèyàn jókòó sílé lọ́jọ́ Ẹtì kò sí nínú èyí. Níbẹ̀, ẹni tí ọ̀gá ń rí ni ọ̀gá ń gbé ga. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan fún wa.

Àbúrò tó mú «àtiléṣe» wá dípò tẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn, ó rìn lójú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti àtọ̀runwá. Ilé yẹn ló bà á jẹ́. Nígbà tí onímọ̀ kan, Jack Nilles, ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà telecommuting (kí èèyàn máa ti òkèèrè ṣiṣẹ́ dípò kó máa rìn lọ síbi iṣẹ́) ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1973, ìrìn àlọ-àbọ̀ ibi iṣẹ́ ló fi sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò dárúkọ ilé. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kòrónà ló bí gbogbo rẹ̀ ní 2020, ẹ kí ọdún yẹn fún mi.)

Èmi dábàá «ilé-iṣẹ́ afòkèèrèṣèpìlẹ̀». Ohùn àárín ló wà lórí a yẹn o, torí ilé-iṣẹ́ náà ni olùṣe. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé à náà kò burú. Kó pe adájọ́ ní «àdájọ́», kó wò ó bóyá á dá a lóhùn. Olóògbé olùkọ́ mi kì í bá wa jiyàn lórí irú èyí. Á fi gègé pupa yí àmì ohùn náà ká, á dá ìwé padà, á máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ṣì ń rí òbìrí pupa yẹn bí mo bá ń tẹ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n tún ní kí ẹni tí kò kàwé èdè ní yunifásítì gbẹ́nu dákẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó fún wa ní àtọ̀runwá, yunifásítì wo ni wọ́n lọ?

Ní ti ẹni tó ní kí ìpàdé orí fídíò máa jẹ́ «ìpàdé ojú-dígí», èsì tiyín ń bọ̀. Wọ́n ti ń pè mí sí ọ̀kan báyìí.