Kí ni kí n kọ́kọ́ bá therapist mi sọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń rí therapist tipẹ́.

Ìkòròdú ni mò ń gbé. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá therapist mi ní Ìkòyí. Lórí omi, ọ̀rọ̀ á kún inú mi bámúbámú: oorun tí mi ò rí sùn, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ikú bàbá mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ni mo máa ń gbé kalẹ̀, torí òun ló rọrùn. Ìgbà tí ìṣẹ́jú 50 wa bá fẹ́ tán ni ọ̀rọ̀ bàbá mi á wá dé ọ̀nà ọ̀fun. Mà á gbé e mì.

Èmi ni àkọ́bí. Èmi ni mo ṣètò ìsìnkú, èmi ni mo bójú tó àlejò, èmi ni mo di ìyá mi mú létí sàréè. Títí dòní, omijé kan ò bọ́ lójú mi.

Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n kàn nà án sí i bí mo bá ṣe wọlé? Àbí kí n sọ fún un pé ohun kan wà tí mò ń sá fún, kó bá mi fà á jáde díẹ̀díẹ̀? Obìnrin náà ní sùúrù gan-an, mo sì fọkàn tán an. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí ẹkún náà bá dé, báwo ni mo ṣe fẹ́ wọkọ̀ padà sílé láàárín èrò? Kí lẹ̀yin máa ń ṣe?