Rọ́ọ̀gì pálọ̀ wa ń rùn láti ìgbà tí a ti fọ̀ ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Èbúté Mẹ́tà

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀gì ni mo bá wá. Èyí tó wà ní pálọ̀ wa kárí ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, bàbá onílé ló ti tẹ́ ẹ síbẹ̀ kí a tó kó wọlé. Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò mi fọ̀ ọ́. A da omi ọṣẹ sí i, a fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí ìfófó fi bò ó, a wá fi tówẹ̀lì nù ún. Lójú wa, ó mọ́. Àmọ́ òjò ò dá láti ọjọ́ yẹn, iná ò dúró, fáànù ò ṣiṣẹ́ ju wákàtí mélòó kan lọ lójúmọ́. Nígbà tó fi máa di Túsídeè, òórùn kan bẹ̀rẹ̀, bíi ti aṣọ tí èèyàn rẹ tó gbàgbé sínú báàfù. Bí mo bá tẹ ibi ẹ̀gbẹ́ àga, ọ̀rinrin ń kàn mí lẹ́sẹ̀. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú kan tún ti yọ láàárín rẹ̀. Ọmọ mi kékeré ń sín láti àárọ̀ dalẹ́. Màmá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú ní ìparí oṣù, orí rọ́ọ̀gì yẹn gan-an ni wọ́n máa ń na ẹsẹ̀ sí. Ṣé kí n tún un fọ̀ ni? Àbí kí n ra ẹ̀rọ? Irú èwo?

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè

Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó wa. Irú ẹ̀ ṣe mí rí. Baking soda ni mo bù wọ́n ọn lórí, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo gbá a kúrò. Òórùn náà lọ.

Afọrọ́ọ̀gì, Múṣin

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni pé baking soda ń gba òórùn, ṣùgbọ́n rọ́ọ̀gì tó ti gbẹ la ń wọ́n ọn sí. Bí wọ́n bá wọ́n ọn sí eléyìí tó ṣì tutù, á di bí ẹ̀kọ, á lẹ̀ mọ́ ìdí irun rọ́ọ̀gì, ìgbálẹ̀ ò sì ní lè kó o.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ má tún un fọ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tí kò lè da omi sí rọ́ọ̀gì. Fífà á jáde ni iṣẹ́. Lábẹ́ irun tí ẹ ń rí yẹn, ẹ̀yìn rọ́ọ̀gì wà níbẹ̀, lábẹ́ ẹ̀yìn náà, fóòmù sábà máa ń wà. Fóòmù yẹn ló mu omi yín, tówẹ̀lì ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tutù ju ọjọ́ kan sí méjì lọ nínú ooru Èkó yìí, ó máa bu ni. Òun lẹ̀ ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ń mú ọmọ sín. Ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

Lónìí, kì í ṣe lọ́la: ẹ gbé àga kúrò, ẹ lọ sí kọ̀rọ̀ kan, ẹ fi ẹ̀mú di etí rọ́ọ̀gì mú, kí ẹ rọra fà á sókè. Ìṣó lè wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ ṣọ́wọ́. Ẹ ká a bí ẹni ká ẹní, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tó ta kálẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n wọ́n ìyere sílẹ̀, fóòmù ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kò sí ọṣẹ tó lè jí i. Ẹ pe bàbá onílé, kí ẹ gé ibẹ̀ dànù.

Àwọ̀ pupa yẹn, bí ẹ̀yìn rọ́ọ̀gì bá jẹ́ irú òwú tí wọ́n fi ń hun àpò kòkó, omi àpọ̀jù ló fà á. Bí omi ṣe ń gbẹ gòkè ló ń gbé àwọ̀ òwú náà wá sójú. Ẹ po vinegar kọ́ọ̀bù kan mọ́ omi kọ́ọ̀bù mẹ́rin, ẹ dán an wò ní kọ̀rọ̀ tí ojú ò tó, ẹ wá fi aṣọ funfun rọra máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbo ó. Ẹ má sì jẹ́ kí vinegar àti bleach pàdé níbì kan, èéfín tó ń tibẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ ká gbogbo ẹ̀ dànù, kí ẹ tẹ́ táìlì. Rọ́ọ̀gì tó kárí ilẹ̀ kì í ṣe nǹkan ìlú tí òjò ti ń rọ̀ báyìí.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Èbúté Mẹ́tà

Bọ̀dá mi, ilé kì í ṣe tèmi. Owó ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ san ò tíì kúrò lára wa.

Oníná, Ọ̀ṣòdì

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹ̀rọ, nítorí mo ti tún èyí tó jóná nítorí àìmọ̀ ṣe púpọ̀. Vacuum lásán, eruku nìkan ló wà fún. Bó bá fa omi, mọ́tò rẹ̀ á jó, iná sì lè gbé ẹni tó mú un lọ́wọ́. Èyí tó ń fa eruku tó tún ń fa omi ni kẹ́ ẹ béèrè fún, kí ẹ sì yọ bébà tó ń sẹ́ eruku nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi fa omi. Ẹ̀kẹta ni extractor, òun ló ń fín omi gbígbóná sí rọ́ọ̀gì tó sì ń fà á padà lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo iye watt tó wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn lé ní 1,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I better pass my neighbour ò lè gbé e.

Afọrọ́ọ̀gì, Múṣin

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Fún ti ọ̀sẹ̀dọ́ọ̀sẹ̀, vacuum lásán tó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí. Ẹ fà á lọ, ẹ fà á bọ̀, ẹ má kánjú. Iyanrìn tó ń bá bàtà wọlé máa ń gé irun rọ́ọ̀gì bí ọ̀bẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fa eruku kúrò kí n tó fi omi kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrẹ̀ ni mo ń pò. Ọṣẹ náà, ẹ má jẹ́ kó pọ̀. Èyí tí wọn ò bá ṣàn kúrò á máa lẹ̀, á sì máa di eruku mú, ìdí tí rọ́ọ̀gì fi ń tètè dọ̀tí lẹ́yìn ìfọ̀ nìyẹn. Kí extractor kàn án lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 12 sí 18, ó tó. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ dúró de ọyẹ́.

Télọ̀, Yábàá

Ẹ dákun, epo pupa ń kọ́?

Afọrọ́ọ̀gì, Múṣin

Ẹ fi ṣíbí ha á láti etí wá sáàárín. Ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní gbé epo mọ́. Ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́, ṣíbí kékeré kan nínú omi lítà kan, ẹ máa fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà omi lásán.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Èbúté Mẹ́tà (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Fóòmù tó wà lábẹ́ fèrèsé ti dúdú pátá. Nígbà tí a ṣí i la rí i pé òjò ń gba etí fèrèsé wọlé síbẹ̀, ó sì ti pẹ́. Bàbá onílé fojú ara wọn rí i, wọ́n pe káfíńtà. A gé ibẹ̀, a yá ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ́wọ́ ará àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo da omi inú rẹ̀ nù. Ti àkọ́kọ́ dúdú bí omi aró, ti ìkẹrin sì mọ́ díẹ̀. A ká rọ́ọ̀gì sókè lórí àpótí, fáànù méjì ń fẹ́ ẹ lábẹ́. Òórùn ti lọ, ọmọ sùn lánàá láì sín. Ṣé mo lè lẹ̀ ẹ́ padà báyìí?

Afọrọ́ọ̀gì, Múṣin

Ẹ fi tíṣù funfun sábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ dúró lé e fún ìṣẹ́jú kan, níbi mẹ́ta. Bó bá gbẹ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tún fún un ní ọjọ́ méjì, nítorí ẹ̀yìn ló ń gbẹ kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà parí ti fèrèsé ná.